Ọwọ́ Ló Ń Pa Ẹ̀rọ Rẹ́kọ́ọ̀dù, Kì í Ṣe Ọjọ́ Orí
Ṣe àti Má Ṣe fún ẹni tó ra tọ́ntébù àtijọ́ ní Zone 4

Zone 4 wà ní Marcory, ní apá gúúsù Abidjan. Àdúgbò ilé oúnjẹ ni, àdúgbò ọtí àti orin òru, àwọn Faransé àti àwọn ará Lẹ́bánónì sì pọ̀ níbẹ̀ dáadáa. Nígbà tí irú wọn bá fẹ́ kó lọ sílé, ohun tó bá wúwo ni wọ́n ń tà sílẹ̀: fíríìjì, bẹ́ẹ̀dì, àga, àti nígbà mìíràn ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù tí bàbá wọn fi gbọ́ orin. Èyí tí kò bá ti ilé wọn jáde, ọkọ̀ ojú omi ló gbé e dé láti Yúróòpù pẹ̀lú àwọn tòkunbọ̀ yòókù tí wọ́n ń pè ní France au revoir. Ọ̀nà kẹta ni tiwa: ẹ̀rọ tó ti ń sùn ní pálọ̀ ní Èjìgbò tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, tí ọmọ gbé sínú bọ́ọ̀sì wá sí Abidjan.

Orin àwo kì í ṣe àlejò ní ìlú yìí, Yorùbá kò sì ṣe àlejò nínú rẹ̀. Nígbà tí Ernesto Djédjé gbé Ziboté jáde ní 1977, tí gbogbo Côte d'Ivoire ń jó o, Badmos ni orúkọ tó wà lára àwo náà. Raïmi Gbadamassi ló ni Badmos yẹn, kò sì sí ọmọ Yorùbá tí yóò gbọ́ orúkọ náà tí yóò béèrè ilé tó ti wá. Irú àwo bẹ́ẹ̀ ṣì wà nílé àwọn ènìyàn. Ẹ̀rọ tí yóò kọ ọ́ dáadáa ló ń ṣọ̀wọ́n.

Àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí lágbára. Àwọn tó ṣe wọ́n ní Swindon nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Jámánì àti ní Japan ṣe wọ́n kí wọ́n tọ́jọ́. Ohun tó ń pa wọ́n ni ọwọ́ tó kánjú: ọwọ́ tó ki wọ́n bọ iná tí kì í ṣe tiwọn, ọwọ́ tó da epo síbi tí epo kò gbọ́dọ̀ dé, ọwọ́ tó lẹ kọ́bọ̀ mọ́ orí apá tó gbé abẹ́rẹ́. Ẹ má bínú bí Má ṣe bá pọ̀ ju Ṣe lọ nísàlẹ̀ yìí.

KÍ INÁ TÓ WỌ INÚ RẸ̀

Ṣe: Ẹ ka àkọlé kékeré tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ tàbí lábẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó sún mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Nọ́ńbà méjì ni ẹ ń wá: fóòtì àti Hertz. Iná Côte d'Ivoire jẹ́ 230 fóòtì, 50 Hertz. Ti Nàìjíríà kò yàtọ̀. Bí ẹ bá rí 220 tàbí 240 pẹ̀lú 50, ẹ fọkàn balẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ kan ní súwíìṣì kékeré tí a fi ń yan 110 tàbí 220. Ẹ wo ibi tó dojú kọ, nítorí ẹni tó lò ó kẹ́yìn lè má ti lò ó nílùú yìí.

Má ṣe: Ẹ má ki ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà (120 fóòtì) tàbí fún Japan (100 fóòtì) bọ iná Abidjan bó ṣe wà. Èéfín ló máa kọ́kọ́ dá yín lóhùn.

Má ṣe: Ẹ má sì rò pé tiransifọ́mà tí ẹ rà ní ọjà Adjamé ti parí ọ̀rọ̀. Ibí yìí ni owó ti ń ṣòfò jù. Tiransifọ́mà ń sọ 230 di 120, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò lè sọ 50 Hertz di 60. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ tó ń lo bẹ́líìtì tàbí táyà rọ́bà kékeré, Hertz iná ni mọ́tọ̀ wọn ń tẹ̀ lé. Èyí tí wọ́n ṣe fún 60, bó bá bá ara rẹ̀ lórí 50, ìdá márùn-ún nínú mẹ́fà eré rẹ̀ ló máa sá: àwo tó yẹ kó yí ìgbà 33⅓ ní ìṣẹ́jú kan yóò máa yí nǹkan bí ìgbà 27.8. Ẹ gbé Ebenezer Obey lé e, ẹ ó rò pé ara rẹ̀ kò yá. Ẹni tó ni ẹ̀rọ á ní bẹ́líìtì ló ti gbó, á ra tuntun, kò ní yàtọ̀. Á ní mọ́tọ̀ ni, á tún ra mọ́tọ̀. Ohun tó yẹ ní pípààrọ̀ ni kẹ̀kẹ́ irin kékeré tó wà lórí mọ́tọ̀, èyí tí bẹ́líìtì ń yí ká. Àwọn ilé iṣẹ́ Dual, Thorens àti Garrard ṣe ti 50, wọ́n sì ṣe ti 60. Ti 50 ni kí ẹ wá.

Technics SL-1200MK2, tó jáde ní 1979, kò mọ irú wàhálà yìí. Kò sí bẹ́líìtì nínú rẹ̀. Quartz ló ń pàṣẹ eré fún un, Hertz iná kò kàn án. Fóòtì nìkan ni kí ẹ bójú tó. Bí owó bá wà, òun ni mo máa ń ní kí ènìyàn rà, àní bí DJ ilé ijó bá ti lò ó títí tí àwọ̀ ara rẹ̀ fi ṣí.

Ṣe: Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná bá yín pààrọ̀ pílọ́ọ̀gì. Ẹ̀rọ tó ti London wá, àti ọ̀pọ̀ èyí tó ti Lagos wá, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta pẹlẹbẹ ni tirẹ̀, fíúsì sì wà nínú rẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì Abidjan jẹ́ oníhò róbótó méjì bí ti ilẹ̀ Faransé, pílọ́ọ̀gì tó ń wọ inú rẹ̀ kò sì ní fíúsì. Bí ẹ bá gé ti ìṣáájú jù nù, fíúsì bá a lọ nìyẹn. Kí oníṣẹ́ iná fi fíúsì mìíràn sí ojú wáyà.

Má ṣe: Ẹ má tan ẹ̀rọ tó ti ń sùn láti ọdún gbọọrọ lọ́jọ́ tó dé gan-an. Ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ yí àwo irin rẹ̀ wò. Bó bá le, epo inú rẹ̀ ti dì. Kápásítọ̀ kékeré kan sábà máa ń wà létí súwíìṣì iná. Bí ara rẹ̀ bá ti sán, ọ̀rinrin ti wọ inú rẹ̀ lọ, ó lè bú, kó sì rú èéfín tí òórùn rẹ̀ á gba gbogbo ilé. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ rédíò pààrọ̀ rẹ̀ ṣáájú. Lọ́jọ́ tí ẹ bá wá tàn án, ẹ dúró tì í.

BÍ Ó BÁ Ń TI ILÉ BỌ̀

Ṣe: Láti Lagos dé Abidjan tó nǹkan bí 1,000 kìlómítà, Kútọnu, Lomé, Accra, títí dé Elubo lápá Ghana àti Noé lápá Côte d'Ivoire. Ẹnubodè kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti lè ní kí ẹ tú ẹrù. Ẹ yọ irin ìwọ̀n tó wà lẹ́yìn apá, ẹ yọ orí apá tòun ti abẹ́rẹ́, ẹ gbé àwo irin kúrò, kí ẹ wé wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ fi òwú di apá mọ́ ibi ìsinmi rẹ̀.

Má ṣe: Ẹ má gbàgbé ṣúkúrù ìrìnàjò. Dual àti àwọn Thorens kan ń jókòó lórí sípíríìngì, wọ́n sì ní ṣúkúrù tí a fi ń dè wọ́n mọ́ àpótí bí wọ́n bá fẹ́ rìn. Bó bá dé Abidjan, ẹ tú u padà. Mo ti rí ẹni tó ń bá ẹ̀rọ jà nítorí pé gbogbo ẹsẹ̀ tó bá bọ́ sílẹ̀ nínú ilé ló ń jáde nínú sípíkà. Ṣúkúrù ìrìnàjò ló ṣì wà ní dídè.

IBI TÍ Ẹ MÁA GBÉ E SÍ

Ṣe: Ẹ fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì bíríkìlà wò ó, síwájú sẹ́yìn àti sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lórí àwo irin ni kí ẹ gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì lé, kì í ṣe orí tábìlì. Ẹ̀rọ tó bá dagun, apá rẹ̀ á máa fẹ́ yọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣáá.

Má ṣe: Ẹ má gbé e sórí sípíkà, ẹ má sì gbé òun àti sípíkà sórí kọ́bọ́ọ̀dù kan náà. Ohun tí abẹ́rẹ́ ń ṣe ni pé ó ń gbọ́ ìgbọ̀nrìrì. Kò mọ èyí tó ti inú àwo wá yàtọ̀ sí èyí tó ti ara tábìlì wá. Ohùn báàsì á jáde nínú sípíkà, á gba ara igi wọ inú abẹ́rẹ́, á tún jáde, títí á fi di hùùù kan ṣoṣo tó lè ya sípíkà. Ní Zone 4, báàsì tí ń da yín láàmú lè má jẹ́ tiyín rárá: bí ilé ọtí bá wà ní ìsàlẹ̀ yín, lálẹ́ Jímọ̀, abẹ́rẹ́ yín á máa gbọ́ ìlù wọn. Pákó tí a kàn mọ́ ògiri ló sàn jù fún irú ilé bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ kọnkéré náà dára.

Má ṣe: Ẹ má gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù tó ń kán omi, ẹ má sì gbé e sójú fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀. Àwo á ká kò bí àkàrà inú epo láàárín ọ̀sán kan.

APÁ ÀTI ABẸ́RẸ́

Èyí ni iṣẹ́ gan-an. Ẹ pa fóònù, ẹ tan iná tó mọ́lẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa bá yín sọ̀rọ̀.

Ṣe: Ẹ so irin ìwọ̀n padà sẹ́yìn apá. Ẹ yí antiskating, bọ́tìnì tí kì í jẹ́ kí apá fà sí àárín àwo, sí òdo. Ẹ yọ ìdérí abẹ́rẹ́, ẹ mú apá kúrò lórí ìsinmi rẹ̀, kí ẹ máa yí irin ìwọ̀n síwá sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí apá yóò fi dúró lófuurufú fúnra rẹ̀, gbọọrọ, láìròkè láìrodò. Ẹ má jẹ́ kí abẹ́rẹ́ fara kan nǹkan kan. Nígbà tó bá ti dúró bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e padà sórí ìsinmi. Ẹ wá di irin ìwọ̀n mú, kí ẹ yí òrùka onínọ́ńbà iwájú rẹ̀ nìkan sí òdo. Láti ìgbà yìí lọ, irin àti òrùka á jọ máa yí: ẹ yí wọn dé iye gíráàmù tí ilé iṣẹ́ tó ṣe kátíríìjì, ìyẹn ohun tó gbé abẹ́rẹ́ dání, kọ sílẹ̀. Audio-Technica AT-VM95E, tó wọ́pọ̀ nísinsìnyí, gíráàmù 2 ni tirẹ̀. Shure M44-7, tí àwọn DJ fẹ́ràn, ń gba gíráàmù 1.5 sí 3. Lẹ́yìn náà, ẹ yí antiskating sí iye kan náà.

Ṣe: Bí òrùka náà bá ti ń yọ̀ nítorí ọjọ́, ẹ ra ìwọ̀n kékeré irú èyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń lò. Ó máa sọ òótọ́ fún yín.

Má ṣe: Ẹ má lẹ owó ẹyọ mọ́ orí apá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà nílé tí wọ́n ti ń lẹ kọ́bọ̀ mọ́ ọn, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Ní Abidjan, 25 franc ni wọ́n ń lò. Bí apá bá ń fò, ìdí kan wà tó fi ń fò. Owó ẹyọ kò wo ìdí yẹn sàn, abẹ́rẹ́ ló kàn ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ kó máa gbẹ́ ojú ipa àwo. Kí ẹ tó mọ̀, ohùn akọrin ti ń ya.

Má ṣe: Ẹ má sì sọ ọ́ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ jù nítorí àánú àwo. Abẹ́rẹ́ tó fúyẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ ń ta gbọ̀ngbọ̀n nínú ipa, òun náà ń ba àwo jẹ́.

Ṣe: Ẹ wo bí kátíríìjì ṣe jókòó nínú orí apá. Fún Technics SL-1200MK2, láti ìdí orí apá níbi tí rọ́bà rẹ̀ wà dé ṣóńṣó abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ mílímítà 52. Rúlà ọmọ ilé ìwé tó fún un. Fún ẹ̀rọ mìíràn, ẹ wo ìwé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé àtijọ́ ló wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Bí abẹ́rẹ́ bá ti wà lórí àwo, kí apá dọ́gba pẹ̀lú ojú àwo.

Má ṣe: Ẹ má fi ìka nu abẹ́rẹ́. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni, láti ẹ̀yìn wá síwájú, kò gbọdọ̀ jẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́.

Má ṣe: Ẹ má gbé àwo tí ẹ fẹ́ràn lé Teppaz tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà láìbéèrè nípa abẹ́rẹ́ rẹ̀. Teppaz ni ẹ̀rọ àpótí kékeré tí wọ́n ṣe ní Lyon, tí sípíkà wà nínú ìdérí rẹ̀. Ó rẹwà, ó sì tàn káàkiri àwọn ilẹ̀ tí ń sọ Faransé. Ṣùgbọ́n kátíríìjì inú ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wúwo ju ti òde òní lọ fíìfíì, wọ́n sì ń lo kírísítálì kan tó jẹ́ oríṣi iyọ̀. Iyọ̀ àti afẹ́fẹ́ ọ̀sà kì í ṣọ̀rẹ́. Ọ̀rinrin àti ooru ń yọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ títí ohùn á fi kéré, á fi pòórá, láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Bí Teppaz yín bá ń yí, tí iná rẹ̀ ń tàn, tí kò sì sọ̀rọ̀, kátíríìjì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Wọ́n ń ta irú tuntun tí a fi sẹ̀rámíìkì ṣe, tí ọ̀rinrin kò rí gbé ṣe.

WÁYÀ

Ọ̀rọ̀ kan tí oníṣẹ́ rédíò ń gbọ́ ṣáá ni pé: “Ọ̀gá, mo ti ra abẹ́rẹ́ tuntun o, ohùn náà kò kúkú jáde dáadáa.” Ìdáhùn rẹ̀ kì í pẹ́: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká wo ibi tí ẹ ki wáyà sí ná.”

Ṣe: Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ PHONO sí lẹ́yìn áńpílífáyà. Iná tí kátíríìjì onímágínẹ́ẹ̀tì ń gbé jáde kò ju nǹkan bí 5 mílífóòtì lọ, ó kéré gan-an sí ti ẹ̀rọ CD tàbí ti fóònù. Yàtọ̀ sí pé ó kéré, báàsì rẹ̀ ti dín kù, ohùn òkè rẹ̀ sì ti pọ̀ jù. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe mọ̀ọ́mọ̀ gé àwo kí orin púpọ̀ lè gba ojú rẹ̀, ìlànà kan náà ni gbogbo ilé iṣẹ́ sì ń tẹ̀ lé láti nǹkan bí 1954. PHONO ló mọ bí a ṣe ń dá a padà. Bí áńpílífáyà yín kò bá ní in, ẹ ra àpótí phono kékeré tí ẹ ó fi sí àárín wọn.

Má ṣe: Ẹ má ki í sí AUX kí ẹ wá yí fólúùmù dé òpin. Ohùn tó ń jáde bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nínú agolo, tí kò ní báàsì, AUX ló ti jáde. Ìdàkejì rẹ̀ ni kátíríìjì sẹ̀rámíìkì tí a ki sí PHONO: ohùn á pọ̀ jù, á máa ya. AUX ni ti sẹ̀rámíìkì.

Ṣe: Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń jáde lọ́tọ̀, tí kò ní orí pílọ́ọ̀gì, wáyà áàtì ni. Ẹ dè é mọ́ ṣúkúrù tó wà lẹ́bàá PHONO. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gé e jù nù pé kò wúlò.

Ẹ̀rọ Yúróòpù àtijọ́, Dual, Philips, Grundig, sábà máa ń ní orí wáyà róbótó ẹlẹ́yín márùn-ún. Ẹ ra èyí tó ń sọ ọ́ di RCA, orí wáyà tí áńpílífáyà yín ń gbà. Ẹ má gé e.

BÍ WÀHÁLÀ BÁ DÉ

Ó ń hùn. Ẹ wo áàtì. Bó bá ti wà ní dídè, ẹ gbé ẹ̀rọ jìnnà sí tiransifọ́mà àti sí ara áńpílífáyà. Bí ẹ bá fi ọwọ́ kan apá tí híhùn náà dákẹ́, áàtì inú apá ló já.

Ẹ̀gbẹ́ kan kò sọ̀rọ̀. Ẹ pààrọ̀ RCA méjèèjì síra wọn. Bí ìdákẹ́ náà bá lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹ̀bi áńpílífáyà kọ́ nìyẹn, ti ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù ni. Ẹ wá yọ orí apá, kí ẹ fi rọ́bà ìparẹ́ nu àwọn irin ṣóńṣó ẹ̀yìn rẹ̀. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ ọ̀sà ń sọ wọ́n di dúdú. Bó bá ṣì dákẹ́, ẹ wo wáyà mẹ́rin inú rẹ̀: funfun àti búlúù ni ẹ̀gbẹ́ òsì, pupa àti àwọ̀ ewé ni ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Ọ̀kan lè ti já.

Eré rẹ̀ kò pé, tàbí ó ti pọ̀ jù. Ẹ lẹ bébà kékeré mọ́ etí àwo irin, ẹ gbé àwo lé e kí abẹ́rẹ́ wà lórí rẹ̀, kí ẹ ka iye ìgbà tí bébà náà bá kọjá níwájú yín. Ní ìṣẹ́jú mẹ́ta, 33⅓ gbọ́dọ̀ fún yín ní 100 géérégé. Bí ẹ bá fẹ́ lo páálí onílà tí a ń wò lábẹ́ iná, èyí tó ní ìlà 180 ni ti 50 Hertz. Onílà 216 jẹ́ ti Amẹ́ríkà, irọ́ ló máa pa fún yín níbí. Gílóòbù LED púpọ̀ kì í sì ṣẹ́jú bó ṣe yẹ, nítorí náà gílóòbù oníwáyà àtijọ́ ni kí ẹ lò.

Má ṣe: Ẹ má fi rọ́bà owó ṣe bẹ́líìtì, ẹ má sì gé ti táyà kẹ̀kẹ́. Ó máa yí, mo gbà, ṣùgbọ́n orin á máa gòkè sọ̀kalẹ̀ bí ẹni mu yó. Bẹ́líìtì àtijọ́ ń yọ́ nínú ooru di ọ̀dà dúdú. Ẹ fi sípíríìtì nu gbogbo ibi tó kàn kí ẹ tó fi tuntun sí i.

Má ṣe: Ẹ má fọ́n WD-40 sínú rẹ̀. Bó bá kan táyà rọ́bà kékeré inú Garrard tàbí Dual, táyà á máa yọ̀, eré á sì dín kù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Táyà yẹn, sípíríìtì la fi ń nù ún. Ọ̀pá àárín àti mọ́tọ̀ nìkan ló ń gba epo, ẹ̀kán kan tàbí méjì epo máṣíìnì tí kò nípọn, kì í ṣe epo ọkọ̀.

Má ṣe: Ẹ má fi ẹ̀rọ alátáyà sílẹ̀ ní ipò 33 tàbí 45 bí iná bá lọ. Táyà ṣì ń fún mọ́ irin, ibẹ̀ á tẹ́, láti ọjọ́ náà lọ ẹ ó máa gbọ́ gbì, gbì, gbì lábẹ́ orin. Ẹ yí i sí ipò ìsinmi.

Apá kò padà fúnra rẹ̀. Gírísì inú rẹ̀ ló ti dì. Iṣẹ́ oníṣẹ́ nìyí: kí ó fọ ti àtijọ́ kúrò, kí ó fi tuntun sí i. Ẹ má fi agbára fa apá náà nígbà tó bá ń lọ lọ́wọ́, ike inú rẹ̀ á kán, ike yẹn sì ṣòro rí.

Ó ń fò. Ẹ nu àwo. Ẹ nu abẹ́rẹ́. Ẹ wo lẹ́fẹ́ẹ̀lì. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tó wá fọwọ́ kan irin ìwọ̀n. Bó bá jẹ́ àwo kan ṣoṣo ló ń fò, ẹ̀rọ yín kò ṣẹ̀.

Ohùn ń mì bí ìgbì, ìgbà kan ní ìyípo kan. Ihò àárín àwo ni kò bọ́ sí àárín gan-an. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ jáde, kò sí ohun tí ẹ lè fi ẹ̀rọ ṣe sí i.

ÀWO FÚNRA RẸ̀

Òjò ńlá Abidjan máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù karùn-ún títí wọ oṣù keje, kékeré sì ń bọ̀ ní oṣù kẹwàá àti ìkọkànlá. Àkókò wọ̀nyí ni àwo máa ń bu funfun nínú páálí rẹ̀.

Ṣe: Ẹ tò wọ́n lóòró, kí afẹ́fẹ́ rí ọ̀nà gbà. Ẹ fọ èyí tó ti bu pẹ̀lú omi tí kò ní iyọ̀ nínú àti ẹ̀kán ọṣẹ olómi kan, kí ẹ fi aṣọ rírọ̀ nù ún ní ìtọ́sọ́nà ipa, yípo. Ẹ má jẹ́ kí omi kan bébà àárín. Páálí inú tó ti bu, ẹ sọ ọ́ nù.

Ṣe: Omi bátìrì tí wọ́n ń tà nílé epo dára fún fífọ àwo, àmọ́ ẹ ka ara ìgò dáadáa. Ásíìdì bátìrì náà ń bẹ níbẹ̀.

Àwo 45 tó ti ilẹ̀ Faransé wá sábà ní ihò ńlá tó tó mílímítà 38 láàárín. Ẹ ra ike tí a ń fi sí i. Wíwò ó lójú láti mọ àárín rẹ̀ kò ṣeé ṣe.

Má ṣe: Ẹ má fi sípíríìtì nu àwo 78. Ọ̀rọ̀ yìí kọjá eré. Ṣẹ́láàkì ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ wọn, sípíríìtì sì ń yọ́ ṣẹ́láàkì. Àwọn àwo yìí ni ohùn àgbà wa wà nínú wọn: Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti kọrin Yorùbá fún ilé iṣẹ́ Zonophone ní London ní 1922. Haruna Ishola ṣe àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1948. Àwo tó bá fọ́ nínú wọn, ó lè jẹ́ òun nìkan ló kù.

Má ṣe: Ẹ má fi abẹ́rẹ́ LP kọ wọ́n. Ipa 78 fẹ̀. Ṣóńṣó abẹ́rẹ́ rẹ̀ nípọn tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin ti LP. Abẹ́rẹ́ kékeré á máa wọ́lẹ̀ nínú ipa náà, á máa ha ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ ó sì gbọ́ ariwo ju orin lọ. Ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni fi abẹ́rẹ́ irin giramafóònù aláfọwọ́yí kọ LP yín, ẹ̀ẹ̀kan péré tó láti bà á jẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní 78 lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Bàbá, ní Treichville tàbí ní Èjìgbò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ ra abẹ́rẹ́ 78. Audio-Technica ń ṣe é, ó sì ń wọ ara kátíríìjì VM95 tí ẹ ti ní. Ẹ gba ohùn rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà nígbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá gbé e lé ẹ̀rọ, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sílé.